Ìgbòkun Ńlá àti Ẹni Kan Ṣoṣo: Ìtàn Ohun Èlò Ọkọ̀ Kékeré

Ẹni tó fẹ́ ra ohun èlò ìgbòkun fún ọkọ̀ kékeré sábà máa ń béèrè bí ìgbòkun ńlá yóò ṣe gòkè. Gígòkè rọrùn, inú èbúté tó parọ́rọ́ la ti ń ṣe é. Bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ lóru, nígbà tí ìjì dé, tí orí ọkọ̀ ń yọ̀, tí atukọ̀ sì dá wà, ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun èlò tí wọ́n ń tà lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igun mẹ́rin ni ìgbòkun ńlá tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní. Ọ̀pá kan wà lókè rẹ̀, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, okùn méjì ló sì ń fa ti òkè lọ sókè. Bí afẹ́fẹ́ bá le, atukọ̀ á dẹ okùn méjèèjì díẹ̀, á wá máa so àwọn okùn kéékèèké tí wọ́n rán mọ́ ara aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí apá ìsàlẹ̀ á fi di kíká. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni kan. Joshua Slocum mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 1895 ló kúrò ní Boston nínú ọkọ̀ Spray, nígbà tó sì parí ìrìn àjò rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1898, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá ọkọ̀ wà yí ayé ká. Kò ra ẹ̀rọ kankan sí ìgbòkun rẹ̀. Ní Buenos Aires, ó gé ẹsẹ̀ bàtà méje kúrò lára òpó, ó sì gé bíi márùn-ún lára ọ̀pá tó yọ níwájú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi òpó kékeré kan kún un lẹ́yìn. Ayùn ni ohun èlò tí Slocum yàn, n kò sì rò pé ó ṣìnà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìgbòkun onígun mẹ́ta tí wọ́n ń fi orúkọ erékùṣù Bermuda pè gba ipò náà. Ní ọdún 1930, òun ni ọkọ̀ méjèèjì tó díje fún America's Cup ta. Okùn kan ṣoṣo ló ń fà á sókè, ó sì dára gan-an bí ọkọ̀ bá ń forí lé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Àmọ́ bí ọ̀pá òkè ti lọ, ìwúwo tó ń fa ìgbòkun wálẹ̀ bá a lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í mọ́ òpó, atukọ̀ ní láti jáde lọ fọwọ́ fà á.

Ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó ń yí wá wọ́pọ̀. Èèyàn á dúró nídìí òpó, á máa fi ọwọ́ irin yí i, ìgbòkun á sì máa wé mọ́ ọn bí ẹní tí a ń ká. Lójú omi, aṣọ náà máa ń kó jọ gègèrè níwájú, níbi tí etí rẹ̀ ti ki. Etí ẹ̀yìn á dẹ̀, ìparí ọ̀pá á sì máa sọ̀ kalẹ̀ sórí atukọ̀. Ìgbòkun tó kù á wú, bẹ́ẹ̀ ìgbòkun pẹlẹbẹ ni ọkọ̀ nílò nínú ìjì. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi rà á. Bóyá nítorí pé ọwọ́ irin tó ń yí máa ń wu èèyàn nínú ilé ìtajà ni.

Herbert Hasler, tí wọ́n ń pè ní Blondie, kò gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, òun ló ṣáájú àwọn tó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ Bordeaux láti ba ọkọ̀ àwọn Jámánì jẹ́. Nínú àwọn mẹ́wàá tó lọ, òun àti Bill Sparks nìkan ló yè é. Lẹ́yìn ogun, ó ń wá ọkọ̀ tí ẹni kan lè darí láì jáde kúrò ní ẹnu ihò àárín ọkọ̀. Inú Jester, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 25 tí wọ́n kàn ní 1953, ló ti dán an wò. Irú ìgbòkun kan kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yọ ọ́, ó sì fi ti àwọn ará Ṣáínà rọ́pò.

Ìgbòkun yẹn ti pẹ́ láyé ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀ láti etí dé etí, wọ́n sì pín in sí ìpele ìpele. Bí atukọ̀ bá dẹ okùn ìfàsókè, ìpele ìsàlẹ̀ á fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sáàárín àwọn okùn tó gbé e mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Kò sí nǹkan tó kù láti so. Apá kan ìgbòkun náà wà níwájú òpó, nítorí náà kì í fi agbára já lọ sí òdìkejì bí afẹ́fẹ́ bá yí. Àléébù rẹ̀ ni pé okùn rẹ̀ pọ̀, kò sì yára tó ti Bermuda bí ọkọ̀ bá ń bá afẹ́fẹ́ jà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn adáwakọ̀ láti Plymouth sí New York, èyí tí Hasler fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Àwọn márùn-ún ló kópa. Francis Chichester, tí ọkọ̀ rẹ̀ gùn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ló gba ipò kìíní ní ogójì ọjọ́. Jester tó kéré sí i tó bẹ́ẹ̀ dé ní ọjọ́ 48, ó sì ṣe ipò kejì.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò gba ìgbòkun Ṣáínà. Àwọn èròjà inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní ẹyọ ẹyọ. Láti àwọn ọdún 1970, wọ́n padà sí kíká ìgbòkun ní ìpele, àmọ́ okùn rẹ̀ wá gba inú ọ̀pá dé ọ̀dọ̀ atukọ̀. Okùn tó ń gba ìgbòkun mọ́ra, tí ọkọ̀ apẹja Amẹ́ríkà ti ń lò tẹ́lẹ̀, padà wá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn náà padà wá. Ẹ̀rọ tó ń ká ìgbòkun wọnú òpó náà dé. Mi ò ní rà á sí ọkọ̀ kékeré: ó ń fi ìwúwo sókè, bí ìgbòkun bá sì há ní ìdajì, kò ní wọlé, kò ní jáde.

Fún ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 25, okùn méjì fún ìpele kọ̀ọ̀kan tó, ọ̀kan fún etí iwájú, ọ̀kan fún etí ẹ̀yìn. Kí ibi tí okùn ẹ̀yìn so mọ́ lára ọ̀pá sún sẹ́yìn díẹ̀ ju ojú ihò ìgbòkun lọ, kó lè fà á wálẹ̀ kó sì tún fà á tẹ́. Kí okùn tó gbé ìparí ọ̀pá ró ti gba ìwúwo rẹ̀ kí a tó dẹ okùn ìfàsókè. Okùn tó ń gba ìgbòkun mọ́ra gbọ́dọ̀ ṣeé fà síwájú mọ́ òpó, torí ó máa ń kọ́ orí àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbòkun bá ń gòkè. Kí a tó lu ihò sára ọ̀pá, okùn lásán ni kí a fi de gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn, kí a wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a máa sún wọn síwá sẹ́yìn títí wọn yóò fi bá a mu.