Òṣùpá, Ìràwọ̀ àti Iṣẹ́ Oko Láàrin Àwọn Mùsùlùmí Àtijọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó dá oòrùn àti òṣùpá, tí ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ òṣùpá àti oko ni a fẹ́ bá yín sọ. Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n gbà pé bí òṣùpá bá ń dàgbà ni kí á gbin ohun tí ń so lókè, bí ó bá sì ń kú lọ ni kí á gbin ohun tí ń ta nínú ilẹ̀. Àwọn mìíràn a tún kọ́kọ́ wo ilé ìràwọ̀ tí òṣùpá wọ̀ kí wọ́n tó gbé irúgbìn jáde. Bí a bá bi àwọn kan nínú wọn léèrè, wọn a ní inú ìwé Lárúbáwá ni àwọn ti rí i, pé ìmọ̀ àwọn àáfà àtijọ́ ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àbọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àbọ̀ a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tú ìtàn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌBÙDÓ ÒṢÙPÁ

Kí Ìsìláàmù tó dé ni àwọn Lárúbáwá aginjù ti mọ ojú ọ̀run bí àgbẹ̀ ti mọ ojú oko rẹ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé òṣùpá kì í wà láàrin ìràwọ̀ kan náà ní òru méjì, àti pé láàrin ọjọ́ 27 sí 28 ni ó ń yí ojú ọ̀run ká. Wọ́n pín ọ̀nà rẹ̀ sí ibùdó 28, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: Sharatān, Butayn, Thurayyā, Dabarān, títí dé ìkejìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn ibùdó wọ̀nyí ni Àlùkùránì Alápọ̀nlé dárúkọ ní manāzil nínú Súrà Yūnus àti Súrà Yāsīn. Ti Súrà Yūnus sì là á yé wa pé kí á lè mọ òǹkà ọdún àti ìṣirò ni Ọlọ́hun fi pín ọ̀nà fún òṣùpá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú: òǹkà àti ìṣirò.

Báwo ni àgbẹ̀ ṣe ń lò ó? Bí ìràwọ̀ ibùdó kan bá ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ti ibùdó tí ó kọjú sí i yóò máa yọ ní ìlà-oòrùn. Èyí ni wọ́n ń pè ní naw', ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni anwā'. Ọjọ́ 13 ni ó wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Bí a bá ka ọjọ́ 13 ní ọ̀nà 27, tí a sì fún ibùdó kan tó kù ní ọjọ́ 14, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ọjọ́ 365, èyí tí í ṣe ọdún oòrùn gan-an. Ẹni tí kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri ní kàlẹ́ńdà lójú ọ̀run. Ibn Qutayba, tí ó kú ní ọdún 889, kọ odindi ìwé lórí ìmọ̀ yìí.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìwé Bukhārī. Zayd ọmọ Thābit, sàábé pàtàkì tí ó kó Àlùkùránì jọ, kì í ta èso oko rẹ̀ ní Mọdínà àfi bí Thurayyā bá ti yọ. Thurayyā ni àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣù pọ̀ sójú kan bí adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa yọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìgbà ooru ti wọlé dé, a sì ti lè dá èso pupa mọ̀ yàtọ̀ sí èso ràkọ̀ràkọ̀. Ànábì ti kọ̀ fún wa pé kí á má ta èso tí kò tíì hàn bóyá yóò dára tàbí yóò bàjẹ́, kí olùrà má baà pàdánù owó rẹ̀. Zayd kò sọ pé Thurayyā ni ó pọ́n èso. Àmì àkókò ni ó fi ṣe.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ FI KỌ́ WA

Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan kò dúró síbi àmì. Wọ́n ń sọ pé ìràwọ̀ báyìí ni ó fún àwọn ní òjò. Ní ọdún kẹfà Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 628, òjò rọ̀ ní òru kan ní Hudaybiya. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ànábì kọjú sí àwọn sàábé rẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun sọ pé ẹni tí ó ní oore àti àánú Ọlọ́hun ni òjò náà ti wá, onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìràwọ̀ ni ó rọ̀ ọ́, aláìgbàgbọ́ ni. Ní ọdún 632, nígbà tí Ibrāhīm ọmọ rẹ̀ kékeré kú, oòrùn ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ń sọ pé nítorí ikú ọmọ náà ni. Bàbá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ó dìde tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni, àmì Ọlọ́hun ni wọ́n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta tún wà tí ó kan àgbẹ̀ gan-an. Ànábì rí àwọn ará Mọdínà bí wọ́n ti ń fi òdòdó akọ ọ̀pẹ dàbínù sára abo rẹ̀. Ó sọ èrò tirẹ̀ pé òun kò rò pé ó ṣàǹfààní. Wọ́n fi í sílẹ̀, èso kò sì dára lọ́dún náà. Nígbà náà ni ó sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ayé wọn jù. Ìtàn yìí wà nínú ìwé Muslim. Nítorí náà, ohun tí ìrírí bá fi hàn nínú iṣẹ́ oko ni àgbẹ̀ yóò tẹ̀lé.

KÀLẸ́ŃDÀ ÀWỌN ÀGBẸ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí àgbẹ̀ Mùsùlùmí kò kúkú fi oṣù Hijira gbìn. Ìdí ni pé ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún 1998, ẹ ó rántí pé ìgbà ọyẹ́ ni. Ní ọdún 2016, Oṣù Kẹfà ni ó bẹ̀rẹ̀, inú òjò sì ni. Oṣù Hijira wà fún ìjọsìn. Oòrùn àti òjò ni oko ń tẹ̀lé.

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Ní Íjíbítì, oṣù àwọn Kíbítì ni àgbẹ̀ fi ń gbìn. Ní ìlú Qurtuba, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Córdoba, ní ilẹ̀ Sípéènì, wọ́n ṣe ìwé kàlẹ́ńdà kan ní nǹkan bí ọdún 961 fún al-Hakam Kejì. 'Arīb ọmọ Sa'd, tí í ṣe Mùsùlùmí, àti bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Rabī' ọmọ Zayd ni a mọ ìwé náà mọ́. Ó to oṣù oòrùn lẹ́sẹẹsẹ, ó sọ ibùdó òṣùpá tí ó bọ́ sí ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà ìgbìn, ìgbà ìkórè àti ìgbà tí ẹran ọ̀sìn ń bímọ. Ní ilẹ̀ Yemen, al-Ashraf 'Umar, ẹni tí ó jọba láti ọdún 1295 sí 1296, ṣe irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìràwọ̀ kí ó tó gorí oyè, ó sì sọ ìgbà tí wọ́n ń gbin oríṣiríṣi ọkà bàbà níbẹ̀. Ọba tí ń ronú ìgbà ìgbìn ọkà, ẹ ò rí i pé ìmọ̀ kò kéré lójú wọn!

IBI TÍ ỌṢẸ́ TI WỌLÉ

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ agbára òṣùpá ti wá? Ní nǹkan bí ọdún 904, Ibn Wahshiyya, ará Iráàkì, gbé ìwé ńlá kan jáde tí ń jẹ́ al-Filāha al-Nabatiyya. Ó ní láti inú èdè Súríyánì àtijọ́ ni òun ti túmọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ pọ̀ nínú ìwé náà lórí ilẹ̀, omi, àjàrà àti ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ọfọ̀, òòṣà àti ìbọ ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará àtijọ́, ìbáà ṣe Gíríìkì tàbí ará Bábílónì, gbà pé bí òṣùpá bá ń dàgbà, omi inú igi a máa gòkè, bí ó bá sì ń kú, omi náà a sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí á gbìn nígbà tí ó ń dàgbà, kí á sì gé igi ilé nígbà tí ó ń kú, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Wọ́n tún pín ilé ìràwọ̀ 12 sí ti iná, ti ilẹ̀, ti afẹ́fẹ́ àti ti omi. Wọ́n ní ti omi àti ti ilẹ̀ dára fún ìgbìn, ti iná sì yàgàn.

Àwọn àáfà àgbẹ̀ ilẹ̀ Andalus kò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ibn Bassāl, ará Tulaytula, ní ọ̀rúndún kọkànlá, rin ìrìn-àjò lọ sí Hájì, ó sì gba Íjíbítì kọjá. Oríṣi ilẹ̀ 10 ni ó ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, kò sì gbé ọ̀rọ̀ lé ìwé ẹlòmíràn. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe ni ó kọ. Ní òpin ọ̀rúndún kejìlá, Ibn al-'Awwām ti ìlú Ishbīliya, tí a mọ̀ sí Seville lónìí, kọ Kitāb al-Filāha. Ó mẹ́nu ba irúgbìn tí ó lé ní 500. Ó kó ọ̀rọ̀ àwọn ará ìṣáájú jọ, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ kan lórí òṣùpá, ṣùgbọ́n ó sọ pé òun kò ní fi èrò tòun síbẹ̀ àyàfi èyí tí òun ti dán wò léraléra. Orí òkè al-Sharaf lẹ́bàá Ishbīliya ni ó ti ń dán an wò. Ní ọdún 1802, wọ́n tẹ ìwé yìí ní Madrid pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Sípéènì, kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lè jàǹfààní rẹ̀.

Ibn Khaldūn, nínú Muqaddima rẹ̀ tí ó kọ ní ọdún 1377, sọ pé Ibn al-'Awwām mú iṣẹ́ oko inú ìwé Nabatiyya, ó sì fi oògùn àti idán inú rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé kan náà ni Ibn Khaldūn ti tako àwọn awòràwọ̀ tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ó fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò dúró lórí ẹ̀rí, ó sì ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìràwọ̀ wọn nínú ìwé ìròyìn yẹ kí ó mọ̀. 'Abd al-Rahmān al-Sūfī, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọdún 964, kọ ọ́ pé àwọn ìràwọ̀ ń sún kúrò ní àyè wọn díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n kan nínú 360 láàrin ọdún 66. Ìṣirò òde òní sọ pé ọdún 72 ni. Èyí fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá ní oòrùn wọ ilé Àgbò ní Oṣù Kẹta, àárín àwọn ìràwọ̀ Ẹja ni ó wà gan-an. Orúkọ ni ó kù, ìràwọ̀ ti ṣí lọ.

Ní ti òṣùpá náà, oòrùn fi nǹkan bí ìlọ́po 400,000 mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Ní ọdún 2020, àwọn olùkọ́ Yunifásítì ìlú Valencia, tí àwọn Mùsùlùmí Andalus ń pè ní Balansiya, yẹ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lórí òṣùpá àti irúgbìn wò. Wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé òṣùpá ni ó yẹ kí àgbẹ̀ wò kí ó tó gbìn. Ilẹ̀ Ibn al-'Awwām náà ni ìdáhùn ti jáde, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 800.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ní ilé kéú, a máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a fi Lárúbáwá kọ ni ẹ̀sìn. Ìwé Nabatiyya jẹ́ Lárúbáwá, òòṣà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ láti fi ìràwọ̀ yan ọjọ́ ìgbìn fún un, kò lè fi Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí. Àdánù rẹ̀ sì ju owó lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ ti tutù dáadáa, tí àgbẹ̀ ṣì ń dúró de kí òṣùpá dé ilé kan, àgbàdo aládùúgbò rẹ̀ yóò ti hù. Ebi ilé kò mọ ilé ìràwọ̀.

Àwa kò ní kí ẹ má wo òṣùpá o. Ẹ wò ó fún ààwẹ̀, fún Hájì àti fún òǹkà oṣù. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún lè fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kórè lóru. Ṣùgbọ́n àmì ni, kì í ṣe alágbára. Bí iyèméjì bá sì kù nínú ọkàn ọ̀dọ́ kan, kí ó ṣe bí Ibn al-'Awwām. Kí ó kọ ebè lórí ilẹ̀ kan náà, kí ó gbin irúgbìn kan náà ní òṣùpá tí ń dàgbà àti ní èyí tí ń kú, kí ó fún wọn ní omi àti ìtọ́jú kan náà. Kí ó tún un ṣe fún ọdún mélòó kan, kí ó sì máa kọ ohun tí ó kó jáde sílẹ̀. Ìwé tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ yóò wúlò fún un ju ìwé awòràwọ̀ lọ.

Àwọn àáfà ìṣáájú wọ̀nyí kò kọ ìmọ̀ kankan nítorí ẹni tí ó ti wá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì, Súríyánì àti Kíbítì, wọ́n kù ú bí ẹní ń ku èlùbọ́, wọ́n mú èyí tó kúnná, wọ́n da ṣàṣá nù. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òjò tó ṣàǹfààní, kí ó fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, kí ó sì má jẹ̀ẹ́ kí á fi ẹ̀dá ṣe orogún fún Un. Àmín. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.