Ààrò àti Èéfín Nínú Ìtàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nílẹ̀ Yorùbá, nítorí oúnjẹ ni a ṣe ń dáná sí ààrò. Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù ti ń mú fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Bí iná kò bá sí nínú ilé níbẹ̀, àgbà a máa gbọ̀n, ọmọdé a sì máa ṣàìsàn. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹni tí ó ń yan ààrò ní láti gbé yẹ̀ wò: ooru tí yóò mú wá, owó tí ohun ìdáná yóò jẹ, àti ibi tí èéfín yóò gbà lọ. Ìtàn fi hàn pé ẹ̀kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń rò gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ṣe wọ́n ní jàǹbá jù.

Fún ìgbà pípẹ́, ibi ìdáná tí a mọ sára ògiri, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ni ó ń bá èéfín jáde gba ihò tí ó yọ sókè òrùlé. Iná náà tún ń fa atẹ́gùn tútù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tí ó bá jókòó tì í, iwájú rẹ̀ a gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ a tutù. Nígbà tí igi wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará ìlú yíjú sí èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti Newcastle. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì nípọn. Ní ọdún 1661, John Evelyn kọ ìwé kan tí ń jẹ́ Fumifugium sí Ọba Charles Kejì. Ó dábàá pé kí a kó àwọn iṣẹ́ tí ń rú èéfín kúrò láàárín ìlú. Àbá náà kò di ṣíṣe.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kò káwọ́ gbera. Ní Amẹ́ríkà, Benjamin Franklin fi irin ṣe ààrò kan tí a ń gbé sínú ibi ìdáná, ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1744. Wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ pé òun nìkan ni yóò máa tà á, ṣùgbọ́n ó kọ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni ó yẹ kí ọgbọ́n ẹni ṣe ọmọnìkejì lóore. Síbẹ̀ ààrò náà ní àbùkù: ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ darí èéfín sí, èéfín kì í sì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún 1796, Count Rumford, ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà, kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n mú ọ̀fun ihò èéfín há, kí wọ́n sì yí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná síta, kí ooru lè tàn wọ inú yàrá. Ooru pọ̀ sí i, èéfín inú ilé sì dín kù. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ èéfín tí ó jáde nínú ilé ti tán nílẹ̀ bí? Rárá o, ó lọ bá aládùúgbò ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún 1952, ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù mú gidigidi, atẹ́gùn kò fẹ́, olúkúlùkù sì kó èédú sí iná. Afẹ́fẹ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè dé èyí tí ó tutù nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ti í dé ìkòkò. Ọjọ́ márùn-ún ni èéfín fi dúró sójú kan. Ènìyàn bí 4,000 ni a kọ́kọ́ kà pé ó kú. Àwọn onímọ̀ tí ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà sọ pé ó lè tó 12,000. Èéfín ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, ti ààrò ilé náà kò sì kéré. Kì í ṣe ìkà ni ó mú onílé dáná; òtútù ni ó ń sá fún.

Láti inú ọ̀fọ̀ yìí ni òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1956 ti jáde. Ó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún ìdáná aláìléèéfín, ó sì pèsè owó ìrànwọ́ fún àwọn onílé láti pa ààrò wọn dà. Òfin kò dúró síbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, a fòfin de títa igi tútù ní ìwọ̀n kékeré fún ìdáná. Ní 2023, a fòfin de títa ògidì èédú fún ìdáná ilé pátápátá.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí hàn gbangba. Ààrò tí ó tóbi ju yàrá lọ kì í ṣe ọlá: onílé yóò máa sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn kí ó má baà gbóná jù, iná yóò máa jó lọ́ọ́lọ́ọ́, èéfín yóò pọ̀, ọ̀dà yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ihò èéfín títí yóò fi gbiná lọ́jọ́ kan. Èyí tí ó bá yàrá mu, tí a ń fi igi gbígbẹ dá, ni ó yẹ ọmọlúàbí. Àwọn àgbà ní, èéfín nìwà, rírú ní ń rú. Bí a bá fẹ́ mọ ìwà onílé, kí a má wo bí yàrá rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Kí a gbójú sókè wo ohun tí ń ti orí òrùlé rẹ̀ jáde.