Èédú, Dáyámọ́ńdì àti Ohun tí ó Le Jù Ú Lọ

Ẹni tí ó bá gbéra láti Paparanda ní ìlú Lokoja, tí ó sọdá Odò Ọya, tí ó sì forí lé ìlà-oòrùn, yóò dé Okaba ní agbègbè Ankpa, níbi tí èédú wà nínú ilẹ̀. Ta ni yóò wo èédú náà kí ó pè é ní ìbátan dáyámọ́ńdì? Ìbátan ni wọ́n, síbẹ̀. Ní 1797, Smithson Tennant, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáná sun dáyámọ́ńdì (ìdánwò olówó!), ó sì fi hàn pé afẹ́fẹ́ kan náà tí èédú ń dà bí ó bá jó ni òun náà dà. Kábọ́ọ̀nù ni àwọn méjèèjì.

Bí àwọn átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù ti so mọ́ra ni ó yà wọ́n. Nínú ohun dúdú inú pẹ́ńsù, wọ́n tẹ́ bí ẹní tí a tò léra, ọ̀kan a sì máa yọ̀ lórí èkejì. Nínú dáyámọ́ńdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú ṣinṣin. Abájọ tí Friedrich Mohs, ní 1812, fi fi í sí ipò kẹwàá, òkè pátápátá, nínú òṣùwọ̀n líle òkúta.

Líle yìí ni ó sọ àwọn òkúta odò Birim di ọjà. Ní 1919 ni Albert Kitson rí dáyámọ́ńdì níbẹ̀, ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Kéékèèké ni púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ọrùn ìyàwó ni wọ́n ń lọ, bí kò ṣe ẹnu irinṣẹ́. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá 1954, H. Tracy Hall fi ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńlá ṣe dáyámọ́ńdì ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà.

Ní 2003, Tetsuo Irifune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣe èyí tí wóró rẹ̀ kéré jọjọ. Líle rẹ̀ jẹ́ 110 sí 140 gigapascal. Ti dáyámọ́ńdì ẹlẹ́yọ kan jẹ́ 60 sí 120, gẹ́gẹ́ bí ojú tí a bá ti wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó bá fẹ́ yẹ̀ nínú wóró kan, ààlà wóró kejì a dá a dúró. Ní 2014, àwọn onímọ̀ Yanshan ní Ṣáínà kéde nǹkan bí 200.

Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dáyámọ́ńdì ni ẹnu irinṣẹ́ tí a fi ń wọn líle wọ̀nyí. Bí ohun tí a ń wọ̀n bá le jù ú lọ, ẹnu irinṣẹ́ náà ni yóò bàjẹ́. Orí èyí ni àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ wà.