Olè Tó Fọ́ Ilé Ìsìn: Òfin Kuje àti Òfin Mósè

Ẹ̀yin ará, bí olè bá fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kuje lóru òní, tó gbé kíbọ́ọ̀dù, jẹnẹrétọ̀ àti àpótí ọrẹ lọ, òfin wo ni adájọ́ yóò fi dá a lẹ́jọ́? Ìtàn gígùn wà nídìí ìbéèrè yìí, ó sì kan àwa ìjọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ikú ni ẹ̀san ẹni tó bá fọ́ ilé ìsìn jalè. Ọdún 1835 ni wọ́n tó mú ìdájọ́ ikú náà kúrò. Síbẹ̀, èrò pé olè ilé ìsìn burú ju olè mìíràn lọ bá àwọn amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn ọdún 1916 tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù jogún: ẹni tó fọ́ ilé ìsìn, tó sì jí ẹrù níbẹ̀, lè fi ọdún 14 ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa òfin ọ̀tọ̀ yẹn rẹ́ ní 1968.

Ti Kuje yàtọ̀. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, ara ilẹ̀ Àríwá tí ìjọba ológun sọ di Olú-ìlú Àpapọ̀ ní 1976. Òfin Àríwá, ìyẹn Penal Code, ló bá ilẹ̀ náà wá. September 30, 1960 ni òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tó ku ọjọ́ kan ká gba òmìnira. Ti Sudan ni wọ́n wò ṣe é, Sudan sì wo ti India, èyí tí wọ́n ṣe ní 1860 fún ilẹ̀ tí ẹ̀sìn pọ̀ sí. Nínú rẹ̀, ilé ìsìn, ilé ibùgbé àti ilé ìkẹ́rùsí wà ní ipò kan náà. Ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe mọ́ṣáláṣí, ẹni tó bá fọ́ ọ ti dáràn.

Kí ni Ìwé Mímọ́ wá sọ? Ẹ́kísódù 22 sọ pé bí a bá lu ọ̀fọ́lé pa lóru, kò sí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó pa á. Bí wọ́n bá bá ohun tó jí lọ́wọ́ rẹ̀, yóò san án ní ìlọ́po méjì. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 19 pẹ̀lú, nígbà tí èrò ń pariwo ní Éfésù, akọ̀wé ìlú sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Pọ́ọ̀lù kò ja tẹ́ńpìlì lólè, àti pé ẹni tó bá ní ẹ̀sùn kó gba ilé ẹjọ́ lọ.

Nítorí náà, bí ọwọ́ bá tẹ olè nínú ọgbà ìjọ wa, táyà àti bẹntiróòlù kọ́ ni ká wá. Ẹ jẹ́ ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí ẹjọ́ bá sì délé ẹjọ́, kí àwọn ẹlẹ́rìí wa yọjú, nítorí ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí kì í parí bọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni a kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹni tó jí máíkì kan lè pẹ́ ní àtìmọ́lé ju iye ọdún tí adájọ́ ìbá fún un lọ.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tó múlẹ̀ ní Abuja, fún ilé ẹjọ́ láṣẹ láti ní kí ọ̀daràn dá ohun tó jí padà tàbí kó san owó ìtanràn fún ẹni tó ṣẹ̀. Ìjọ lè sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba pé èyí ni a fẹ́. Ó bá òfin Mósè mu, ó sì bá ohun tí Sákéù ṣèlérí nínú Lúùkù 19 mu: tinútinú rẹ̀ ló fi ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Bí adájọ́ bá sì rán an lẹ́wọ̀n, ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àbẹ̀wò ìjọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa lọ wò ó. Olè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúwa wa lórí àgbélébùú tó rí ìdáríjì gbà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn bẹ́ẹ̀. Àmín.