Kábọ́ọ̀nù inú igi igbó ọba, ìdíwọ̀n

Ọ̀nà tí à ń gbà mọ iye kábọ́ọ̀nù tó wà lára igi láìgé e lulẹ̀. Nínú Igbó Ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó ìpamọ́ rẹ̀ ní 1977, oko igi gmelina àti igbó àdáyébá ló jọ wà pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a pààlà sí abala ilẹ̀ díẹ̀, wọn a fi téèpù yí igi kọ̀ọ̀kan ká ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀. Ti àràbà yàtọ̀: òkè ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ tó yọ bí ògiri parí sí ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi kan ṣoṣo lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

Fífẹ̀ igi láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí wọ́n ṣírò láti inú ìwọ̀n téèpù náà, gíga rẹ̀ àti bí pákó rẹ̀ ṣe wúwo sí ni wọ́n ń kó sínú ìlànà ìṣirò tí Jérôme Chave àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014. Igi tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 50, tó ga ní mítà 30, tí ìwúwo pákó rẹ̀ jẹ́ 0.55 g/cm³, yóò tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 ní gbígbẹ, ìdá 0.47 rẹ̀, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 1, ni kábọ́ọ̀nù. Gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fojú bù ú. Arère fúyẹ́ ju ìrókò lọ, nítorí náà ẹni tó bá fi ìwúwo pákó kan náà ṣírò méjèèjì ti ṣìnà.