Ta Ló Máa Fọwọ́ Sí Fọ́ọ̀mù Onígbọ̀wọ́ Yín? Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Nípa Àjọṣe Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ká ní ẹ ríṣẹ́ lónìí, ilé iṣẹ́ náà wá ní kẹ́ ẹ mú onígbọ̀wọ́ méjì wá kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn tí kì í ṣe ẹbí yín, tí wọ́n sì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ta lẹ máa pè? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni nọ́ńbà kún orí fóònù wọn, àmọ́ tọ́rọ̀ bá di fífọwọ́ síwèé, wọn ò ní rí ẹni méjì. Ẹ má sì bínú sí àwọn tó ń sá o. Ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ ń sọ pé bí ẹni yìí bá kówó sá lọ, kí wọ́n wá bi òun. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n kàn jọ pààrọ̀ káàdì níbi ìpàdé kan?

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn àgbẹ̀ máa ń ṣe àáró. Àgbẹ̀ bíi mẹ́rin tí oko wọn ò jìnnà síra, tí agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, á jọ kọ ebè lóko ẹni àkọ́kọ́, wọ́n á lọ sí ti ẹnì kejì lọ́jọ́ mìíràn, títí tó fi máa kárí. Àáró ní ìṣirò: ẹni tó bá ṣe ọjọ́ kan lóko yín, ẹ jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan. Bó bá sì ń ṣe ìmẹ́lẹ́ lóko ẹlòmíì, gbogbo wọn ló rí i. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ ní tiẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó níṣẹ́ ńlá lóko ló máa ń bẹ ọ̀wẹ̀. Á pèsè oúnjẹ, wọn ò sì ní ka ọjọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í lọ sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíì, lọ́jọ́ tóun náà bá bẹ̀ ẹ́, ọbẹ̀ á ṣẹ́kù.

Lójú tèmi, èésú ló lágbára jù. Iye kan náà ni gbogbo wọn ń dá, ẹnì kan á sì kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbèsè ni ẹni tó kọ́kọ́ kó gbé lọ sílé yẹn, kò sì sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ju pé àwọn yòókù mọ̀ ọ́n. (Ó yàtọ̀ sí tàwọn alájọ, tí wọ́n ń tọ́jú owó yín tí wọ́n sì ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù.) Samuel Johnson mẹ́nu kan èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Títí dòní, ‘susu’ ni wọ́n ń pe irú owó dídá bẹ́ẹ̀ ní Trinidad.

Àmọ́ o, àwọn tó súnmọ́ra ló ń ṣe àáró àti èésú. Ní ti ká gbọ́ pé iṣẹ́ wà níbì kan, nǹkan míì ló wà níbẹ̀. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣèwádìí ní Newton, nítòsí Boston. Ó bi àwọn tó tipasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ ríṣẹ́ pé, báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà tó? Nínú èsì tó gbé jáde ní 1973, kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún tó ń rí i déédéé. Ó lé ní ìdajì tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro: ohun tẹ́ ẹ gbọ́ náà ni ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ gbọ́. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, tó ti kó lọ sílùú mìíràn, ibòmíì lòun ti ń gbọ́ tiẹ̀.

Torí náà, ẹni tó súnmọ́ yín ló máa dúró fún yín, ẹni tó jìnnà ló sì máa ń mú ìròyìn wá. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ kẹ́ ẹ rántí àwọn nígbà tẹ́ ò nílò nǹkan kan. A mọ̀ ọ́n dáadáa nínú iṣẹ́ ìròyìn. Akọ̀ròyìn tó jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dànù nìkan ló ń pe akọ̀wé ẹgbẹ́ awakọ̀, á pe fóònù títí. Èyí tó ti kí i nígbà tíyàwó ẹ̀ bímọ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn o. Ẹ̀bùn tiẹ̀ máa ń ba nǹkan jẹ́ nínú iṣẹ́ tiwa.

Àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ ‘Ẹ káàárọ̀’ sí, tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan lórí WhatsApp, ìyẹn kì í ṣe ìkíni. Ẹ béèrè ohun tó jẹ́ ti ẹni náà: ìdánwò ọmọ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ yín náà sọ̀rọ̀. Télọ̀ tíṣẹ́ ti kún ọwọ́ ẹ̀ nígbà ọdún, tó sọ fún oníbàárà pé “Mi ò ní lè bá a, àmọ́ ẹ lọ bá ẹni tó wà ní òpópónà kejì, ó mọ búbá rán,” èèyàn méjì ló rà lẹ́ẹ̀kan yẹn: oníbàárà náà àti télọ̀ kejì.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kẹ́nì kan ṣe onígbọ̀wọ́ yín, ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù náà kó kà á délẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe, àti bóyá owó á máa wà lọ́wọ́ yín. Tó bá kọ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fiṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ pè é kẹ́ ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ sì ní kí ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbọ̀wọ́ náà ti parí.