Ọdún Kejì Lórí Ọmú ní Ìbàdàn Tuntun

Nínú àṣà Yorùbá àtijọ́, ọmọ tí ó ti ń rìn, tí ó ti ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ àmàlà, ṣì lè máa mu ọmú ìyá rẹ̀. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n tó máa ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyẹn ni pé wọn kò ní fún un lọ́mú mọ́ rárá, yálà kí wọ́n fi omi ewúro pa orí ọmú kí ó lè korò, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọjọ́ mélòó kan. Ó bá ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí mu pẹ̀lú, nítorí pé ọdún méjì gbáko ni Kùránì, nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 233, dárúkọ fún ìyá tí ó bá fẹ́ pé ìgbà ọmú.

Èèwọ̀ kan ni ó gbé àṣà náà ró. Abiyamọ kì í bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu ọmú, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ a máa ba omi ọmú jẹ́, obìnrin tí ó bá sì lóyún lé ọmọ lórí a máa gba ẹ̀gàn. Ìgbàgbọ́ nípa àtọ̀ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ewu tí àwọn àgbà ń sá fún kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1933, dókítà Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ara ọmọ fi ń wú, tí awọ rẹ̀ sì ń bó; kwashiorkor ni àwọn ẹ̀yà Gá níbẹ̀ ń pè é, àìsàn tí í ṣe ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé àbúrò ti dé. Àlàfo àárín ọmọ méjì ni èèwọ̀ náà ń ṣọ́, ọmú fúnra rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé mímu tí ọmọ ń mu ún, pàápàá lóru, a máa dá oyún tuntun dúró fún ìgbà kan.

Nínú agboolé ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti rọrùn, níbi tí abiyamọ ti lè sùn lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, tí ọkọ sì lè ní ìyàwó mìíràn. Ìbàdàn tí ó dìde lẹ́yìn tí wọ́n dá Yunifásítì sílẹ̀ ní 1948, tí ilé ìwòsàn UCH sì ṣí ní 1957, kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ìkọ́lé tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1958 ni ó kọ́ àdúgbò Bódìjà, àwọn ilé tí a pète fún ọkọ kan, ìyàwó kan àti àwọn ọmọ wọn; yàrá kan náà ni tọkọtaya ń sùn. Nígbà tí John Caldwell, onímọ̀ nípa iye ènìyàn, àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn ní 1973, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin tí ó kàwé ti ń gé ìgbà ọmú àti ìgbà ìtakété kúrú, tí wọ́n sì ń fi ọgbọ́n ìfètò-sọ́mọ-bíbí rọ́pò. Kókó ọ̀rọ̀ gan-an nìyí: nígbà tí oògùn gba iṣẹ́ àlàfo lọ́wọ́ ọmú, ìdajì ìdí tí ọmú fi ń pẹ́ ti lọ.

Mílíkì inú agolo pẹ̀lú wà lára ohun tí ó gé ìgbà ọmú kúrú. Ìpolówó rẹ̀ gbilẹ̀ títí àjọ ìlera àgbáyé fi gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1981 láti kápá rẹ̀, tí Nàìjíríà sì ṣe Òfin 41 ní 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera. Ìpolongo tí ó tẹ̀ lé e gbájú mọ́ oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, pé kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan, láìsí omi àti àgbo. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí omi àti àgbo tí a ń rọ ọmọ ti fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ ìkókó. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé kan náà sọ pé kí ọmú máa bá oúnjẹ lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta okun tí ọmọ nílò ní ọdún kejì ṣì lè ti inú ọmú wá. Apá yìí ni a kò pariwo rẹ̀ tó.

Ìyá tí ń tajà ní ọjà Bódìjà lè gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, kí ó sì máa fún un lọ́mú nígbàkigbà. Ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, àárín ìlú Ìbàdàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 fún obìnrin tí ń fọ́mọ lọ́mú ní ààyè ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí kò tó láti ti Dùgbẹ̀ dé ilé ní àdúgbò Challenge kí ó sì padà, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dí ojú ọ̀nà Ring Road. Nítorí náà ni ọmú ọdún kejì ṣe di ti ìrọ̀lẹ́ àti òru fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀: ọmọ tí ó ti jẹun lójú ọjọ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́ a sáré pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a fa bùbá rẹ̀, a sì mu títí yóò fi sùn.